Nígbà Tí Wọ́n Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ìtàn Àwọn Ọmọ Adití àti Èdè Ọwọ́ Wọn

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹsàn-án ọdún 1880, àwọn olùkọ́, àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé láti orílẹ̀-èdè mélòó kan péjọ sí ìlú Milan ní ilẹ̀ Ítálì. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ adití ni wọ́n tìtorí rẹ̀ péjọ. Wọ́n fẹ́ mọ èyí tí ó yẹ kí a máa fi kọ́ wọn nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àti èdè ọwọ́. Aṣojú 164 ni àkọsílẹ̀ sọ pé ó jókòó sí ìpàdé náà, àwọn ará Ítálì àti ará Faransé ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Adití tí àwọn òpìtàn máa ń dárúkọ láàárín wọn ni James Denison, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Washington, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n dìbò, 160 fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí ó borí; 4 péré ni kò gbà. Ìpàdé náà tú ká ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà ni ó jẹ ìyà ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí.

Àwọn ọmọ adití wà ní Milan ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n kó wọn jáde síwájú àwọn àlejò, àwọn olùkọ́ wọn bi wọ́n ní ìbéèrè, àwọn ọmọ sì fi ẹnu dáhùn. Orí àwọn àlejò wú. Àwọn díẹ̀ lára àwọn tí ó ń wò wọ́n fura pé àwọn ọmọ náà ti há ìdáhùn sórí kí àlejò tó dé. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí ni ipò tí wọ́n fi àwọn ọmọ sí. Wọn kò pè wọ́n láti wá sọ èrò ọkàn wọn. Wọ́n pè wọ́n láti wá ṣe àfihàn. Yorùbá ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ti Milan tilẹ̀ kọjá ti ẹ̀yìn: olórí wà ní ìjókòó, ó ń wò, abẹ sì ń lọ.

Ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ ìròyìn ní ilẹ̀ wa mọ irú àfihàn yìí dáadáa. Mo ti jókòó sí ayẹyẹ tí ó ju ẹyọ kan lọ níbi tí wọ́n ti to àwọn ọmọ àkàndá ẹ̀dá sí ìlà iwájú nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Wọ́n jó fún àlejò pàtàkì. Àlejò sọ̀rọ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀, aṣojú àwọn òbí dúpẹ́, wọ́n pín ìrẹsì àti bísíkíìtì, àwọn ayàwòrán ya fọ́tò, ó parí. Ìròyìn ọjọ́ kejì yóò sọ iye àpò ìrẹsì tí wọ́n pín. Ohun tí ọmọ kan sọ kò ní sí níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó bi ọmọ kankan ní ohunkóhun.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìtàn àwọn adití yẹ ní kíkà fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ àkàndá ẹ̀dá bá kàn. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí àwọn àgbà fi ń bá ara wọn jiyàn lórí ohun tí ó dára fún àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ní gbogbo àkókò yẹn, ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ ara wọn dáhùn ìbéèrè náà.

Kí ó tó di ti Milan, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ní ìlú Paris, ní nǹkan bí ọdún 1760, àlùfáà Kátólíìkì kan tí ń jẹ́ Charles-Michel de l'Épée pàdé àwọn ọmọbìnrin méjì kan, ọmọ ìyá kan náà, adití ni àwọn méjèèjì. Ó rí i pé wọ́n ń fi ọwọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó sì ń yé wọn. Dípò kí ó ká wọn lọ́wọ́ kò, ó jókòó ti ohun tí àwọn adití ń ṣe, ó kọ́ ọ, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lé e lórí láìgba owó lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó fi àwọn àmì tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá kún un, kí èdè ọwọ́ náà lè tẹ̀lé gírámà èdè Faransé ní ẹsẹẹsẹ. Inú kíláàsì ni àfikún yìí mọ. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti jáde síta, wọn a sọ ọ́ nù, wọn a padà sí èyí tí ó dùn ún lò fún wọn. Nígbà tí ó yá, àwọn olùkọ́ pàápàá pa àfikún náà tì. Mo ka èyí sí ìpinnu tí àwọn ọmọ ṣe, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Jámánì, Samuel Heinicke dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Leipzig ní ọdún 1778. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni òun gbà gbọ́. Òun àti de l'Épée kọ lẹ́tà sí ara wọn, wọ́n sì jiyàn gidigidi. Láàárín ìjà àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ni ohùn kan tí a kò retí ti jáde. Ní ọdún 1779, Pierre Desloges, òṣìṣẹ́ tí ń di ìwé pọ̀ ní Paris, tẹ ìwé kékeré kan jáde. Ṣọ̀pọ̀ná ni ó sọ ọ́ di adití nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje. Àlùfáà mìíràn ni ó kọ ìwé pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó tọ́ kí a fi kọ́ adití, Desloges sì ní òun kò lè dákẹ́. Ó ṣàlàyé pé àwọn adití òṣìṣẹ́ ní Paris, tí wọn kò dé ilé-ẹ̀kọ́ kankan rí, ń fi ọwọ́ jíròrò gbogbo ohun tí ó bá ń lọ nílùú. Èyí ni ìwé tí a mọ̀ sí àkọ́kọ́ tí adití fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde láti gbèjà èdè rẹ̀. Ẹ̀rí olórí ti wà nílẹ̀, lórí ìwé, ní 101 ọdún ṣáájú Milan.

Láti Paris ni iná náà ti ràn dé Amẹ́ríkà, ọmọdé kan ni ó sì fà á. Alice Cogswell ni orúkọ rẹ̀, ní ìlú Hartford. Aládùúgbò bàbá rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń jẹ́ Thomas Hopkins Gallaudet, rí i ní ọdún 1814, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní orúkọ àwọn nǹkan. Bàbá Alice àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá owó jọ, wọ́n rán Gallaudet lọ sí Yúróòpù kí ó lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tí ó máa padà ní 1816, ó mú Laurent Clerc dání, adití tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ tí ó sì ti di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Paris. Wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Hartford ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹrin ọdún 1817. Clerc mú èdè ọwọ́ Paris wá. Àwọn ọmọ tí ó wá láti erékùṣù Martha's Vineyard, níbi tí adití pọ̀ sí, mú tiwọn wá; àwọn mìíràn mú àmì tí wọ́n ń lò nínú ilé baba wọn wá. Ibi tí wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n ti ń jà ni gbogbo rẹ̀ ti dà pọ̀, tí ó di èdè tí àwọn adití Amẹ́ríkà ń sọ títí di òní. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó ṣe é.

Kí ló dé tí Milan fi wá rí bí ó ti rí? Ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ púpọ̀. Ìgbà náà ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń fi agbára sọ gbogbo ènìyàn di elédè kan ṣoṣo, Ítálì fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di orílẹ̀-èdè kan ni. Àwọn mìíràn gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹranko, nítorí náà ẹni tí ó bá ń ju ọwọ́ kò tíì di ènìyàn tán. Ní Amẹ́ríkà, Alexander Graham Bell, ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tẹlifóònù ní 1876, di olórí àwọn tí ń polongo ọ̀rọ̀ ẹnu. Adití ni ìyá rẹ̀, adití ni ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí a bá ń kó àwọn adití pọ̀ sójú kan, tí wọ́n ń sọ èdè kan náà, wọn yóò máa fẹ́ ara wọn, wọn yóò sì máa bí adití. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó fẹ́ràn adití nínú ilé lè má fẹ́ kí adití pọ̀ lóde.

Ẹsẹ̀ kan wà tí ó yẹ kí a fi sùúrù wò, ìyẹn ni ti àwọn òbí. Ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn ọmọ adití ni a ń bí fún bàbá àti ìyá tí ń gbọ́ràn. Ìyá tí ó ti ń kọ orin fún ọmọ láti inú oyún fẹ́ kí ọmọ pe òun ní màmá. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún un pé ọ̀nà wà tí ọmọ rẹ̀ yóò fi sọ̀rọ̀ bí ọmọ aládùúgbò, kò ní béèrè iye ọdún tí yóò gbà, kò sì ní béèrè ohun tí ọmọ náà yóò pàdánù kí ó tó dé ibẹ̀. N kò bú irú ìyá bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ní ìmọ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n rí àbájáde rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n sì ń bá a lọ, ni ẹjọ́ tó wà lọ́rùn wọn.

Lẹ́yìn Milan, àwọn olùkọ́ adití ni ó kọ́kọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí adití kò lè kọ́ ọmọ bí yóò ṣe gbé ohùn jáde. Báyìí ni ọmọ adití ṣe di ẹni tí ń dàgbà láìrí àgbà kankan tí ó dà bí òun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ ọba kan jábọ̀ ní 1889 pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí a tẹ̀lé. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n a na ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ní àwọn mìíràn, wọ́n a ní kí ó jókòó lé ọwọ́ rẹ̀, tàbí kí wọ́n so ó. Ọmọ yóò gbé ọwọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun olùkọ́, yóò máa wo ètè, yóò máa gbìyànjú láti mú kí ọ̀fun tirẹ̀ gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Wákàtí tí ó yẹ kí ó fi kọ́ ìṣirò àti ìtàn ilẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí R. Conrad wá ṣe ìwádìí nípa àwọn ọmọ adití tí ń jáde ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1979, ó rí i pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́rìndínlógún tí ó wà láàárín wọn ń kàwé ní ìwọ̀n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọgọ́rùn-ún ọdún ìyà, èrè rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà gbogbo yìí, kí ni àwọn ọmọ ń ṣe? Ní alẹ́, nígbà tí olùtọ́jú bá ti kúrò ní iyàrá ibùsùn, ọwọ́ yóò jáde. Lẹ́bàá fèrèsé níbi tí òṣùpá ti ń tàn wọlé, ní ilé ìwẹ̀, lẹ́yìn ògiri pápá ìṣeré, àwọn àgbà ọmọ ń kọ́ àwọn kékeré. Ọmọ tí òbí rẹ̀ jẹ́ adití, tí ó ti gbọ́ èdè náà láti ilé, ni ọba láàárín wọn. Òun ni ó ń sọ ìtàn, tí àwọn yòókù sì ń kọ́ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Léraléra ni àwọn adití àgbà ti jẹ́rìí sí èyí láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Bí a ti lù wọ́n tó, wọn kò jáwọ́. Àwọn àgbà tí ó rí i pè é ní orí kunkun. Ó ṣẹlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo, láàárín àwọn ọmọ tí kò mọ ara wọn rí, fún ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èmi kò mọ ìbò tí a dì tí ó tún lè yanjú ju ìyẹn lọ.

Àwọn tí ó ti dàgbà nínú wọn kò sì dákẹ́. Ní 1913, George Veditz, tí ó ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn adití Amẹ́ríkà, dúró síwájú ẹ̀rọ fíìmù, ó sì fi ọwọ́ sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan láti fi bẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí èdè náà kú. Ohun tí fíìmù jẹ́ nígbà náà dà bí ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ní ìgbà tiwa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà títí di òní, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń sọ ọ́.

Ibi tí ìtàn yìí ti kan ilẹ̀ wa ni ti Andrew Foster. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Alabama ní ọdún 1925. Àrùn yírunyírun ni ó gba etí rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ní 1954 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Ní 1957 ó dé Accra. Àwọn tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sọ pé wọ́n sọ fún un níbẹ̀ pé kò sí ọmọ adití. Kò jiyàn púpọ̀. Ó wá wọn kiri, ó sì rí wọn, nítorí inú ilé ni àwọn òbí kó wọn sí. Ní 1960 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Kí ọkọ̀ òfuurufú tó já lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní Rwanda ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, ó ti dá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lé ní ọgbọ̀n sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà.

Ohun tí Foster ṣe ní Ìbàdàn yàtọ̀ pátápátá sí ti Milan, kì í sì í ṣe nítorí pé ó lawọ́ tàbí pé ó gbóná nínú ìsìn nìkan. Ẹni tí ó ti jókòó sórí àga ọmọ adití rí ni. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ṣì ń fòfin de ọwọ́, ọwọ́ ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ Ìbàdàn. Àmọ́ ṣá, ẹ jẹ́ kí a má ṣe yọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀: èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà ni ó mú wá. Àwọn adití Yorùbá ti ní àmì tiwọn fún oúnjẹ, ọjà, ìyàwó, àìsàn, kí Foster tó dé. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n bóyá kí àwọn àmì yẹn wọ kíláàsì. Àwọn ọmọ náà ni ó tún un ṣe bí wọ́n ti máa ń ṣe: wọ́n kọ́ ti Amẹ́ríkà, wọ́n fi ti ilé kún un, èyí tí a ń lò ní Nàìjíríà lónìí sì ti ya ẹ̀ka tirẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń kọ àwọn àmì ìbílẹ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ báyìí. Wọn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú.

Nínú ọdún 1960 kan náà ni William Stokoe, olùkọ́ ní Gallaudet tí kì í ṣe adití, tẹ ìwé jáde láti fi hàn pé ohun tí àwọn adití ń sọ jẹ́ èdè tí ó pé, tí ó ní ẹ̀yà àti òfin tirẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ fi í ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tí ó yá ni gbogbo ayé wá gbà fún un.

Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń bi mí pé kí ni ọmọdé mọ̀, orílẹ̀-èdè Nicaragua ni n óò tọ́ka sí. Títí di nǹkan bí ọdún 1977, àwọn adití ibẹ̀ tú ká sínú ilé kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù pẹ̀lú àmì díẹ̀ tí òun àti ìyá rẹ̀ ń lò. Nígbà náà ni wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún wọn ní Managua, lẹ́yìn ìyípadà ìjọba 1979 wọ́n sì tún ṣí òmíràn. Nígbà tí ó fi máa di 1983, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lé ní 400. Èdè Spéènì àti wíwo ètè ni àwọn olùkọ́ ń fi kọ́ wọn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yé wọn. Nínú ọkọ̀ àti ní pápá ìṣeré, àwọn ọmọ ń da àmì ilé wọn pọ̀. Àwọn kékeré tí ó dé lẹ́yìn gba a lọ́wọ́ àwọn àgbà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi òfin sí i. Ní 1986, ìjọba pe onímọ̀ èdè kan, Judy Kegl, láti Amẹ́ríkà, kí ó wá ṣàlàyé ohun tí àwọn ọmọ ń sọ, nítorí kò yé àwọn olùkọ́. Ó rí i pé èdè tuntun ni. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Àwọn kan náà ni ó sì ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní Managua, ọ̀dọ̀ ọmọdé nìkan ni ọgbọ́n ti wá.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Gallaudet. Láti 1864 tí ìjọba ti fún ilé-ẹ̀kọ́ náà láṣẹ láti máa fúnni ní oyè, adití kan kò ṣe ààrẹ rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta ọdún 1988, ìgbìmọ̀ aláṣẹ yan Elisabeth Zinser, òun nìkan ni ó ń gbọ́ràn nínú àwọn mẹ́ta tí ó kù sórí ìlà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ẹnu ọ̀nà pa. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Zinser fi kọ̀wé sílẹ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kẹtàlá, I. King Jordan, adití, di ààrẹ. Àwọn tí ó ṣe èyí kì í ṣe ọmọdé mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jẹ́ ọmọ tí wọ́n ní kí ó gbé ọwọ́ sílẹ̀.

Òfin tẹ̀lé e, díẹ̀díẹ̀. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé jáde ní ọdún 1989, ó sì sọ ní abala 12 pé ọmọ tí ó bá lè ní èrò tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ lórí ohun gbogbo tí ó kàn án. Àdéhùn ti 2006 lórí àwọn àkàndá ẹ̀dá lọ síwájú sí i: abala 7 rẹ̀ ní kí a fún ọmọ ní ìrànlọ́wọ́ tí ó bá ọjọ́ orí rẹ̀ àti ipò ara rẹ̀ mu, kí ó lè sọ èrò náà. Gbólóhùn ìrànlọ́wọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn méjèèjì. Ní Vancouver, ní oṣù Keje ọdún 2010, irú ìpàdé àgbáyé kan náà tí ó ti jókòó ní Milan kọ àwọn ìpinnu 1880 sílẹ̀ ní gbangba, ó sì kẹ́dùn fún ibi tí wọ́n ṣe. Ó gbà wọ́n ní 130 ọdún.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí sábà máa ń bi mí, ó sì bọ́gbọ́n mu: ọmọ ọdún kan àbọ̀, báwo ni a óò ṣe bi í? Dókítà ti sọ pé kò gbọ́ràn, ìpinnu ti dé, yálà ti ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ sí inú etí ni o, tàbí ti èdè tí a óò máa sọ nínú ilé. Ọmọ náà kò lè dáhùn. Èmi rò pé ìtàn ti fi ẹni tí a óò bi hàn wá: àwọn adití tí ó ti dàgbà, tí wọ́n ti wà ní ipò ọmọ yẹn rí. Àwọn kan nínú wọn yóò sọ pé ẹ̀rọ dára, àwọn kan yóò ní kò ṣe àwọn láǹfààní. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí èyí tí yóò sọ pé kí ẹ fi èdè ọwọ́ dù ú ní àkókò tí ẹ ń dúró de ẹ̀rọ tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ tí kò ní èdè kankan ní ọmọ ọdún márùn-ún kò ní ohun tí yóò fi dá wa lóhùn ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, bí a tilẹ̀ fẹ́ bi í.

Àwọn Yorùbá tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé lórí ìwé. Òfin Ọmọdé àti Ìdílé ti 2014 sọ ní abala 19 pé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ ka èrò, ìfẹ́ àti ìmọ̀lára ọmọ àti òbí rẹ̀ sí. Nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́, ìlera àti ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tí ó nílò rẹ̀, Abala A ni ti ohun tí ọmọ àti òbí sọ nípa ara wọn àti ohun tí wọ́n ń fẹ́. Lẹ́yìn tí ọmọ bá kọjá ọjọ́ orí tí òfin ní kí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́, òun gan-an ni ẹ̀tọ́ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń ya àwọn òbí wa lẹ́nu pé wọ́n fẹ́ gbọ́ tẹnu ọmọ. Àwọn kan a bá a kọ ọ́, wọn a kọ ohun tí àwọn fúnra wọn ń fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ gbé bírò sílẹ̀, ẹ bi ọmọ. Bí ọwọ́ ni ó fi ń sọ̀rọ̀, ẹ pe ògbufọ̀. Bí àwòrán ni ó fi ń fi ọkàn rẹ̀ hàn, ẹ fún un ní àwòrán.

Ní Nàìjíríà, òfin tí ó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ní kí èdè adití àti ìwé afọ́jú wà nínú ohun tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba sì gba àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ́ra. Ó dára lójú ìwé. Ọmọ adití tí ó jókòó láàárín ọmọ ogójì tí ń gbọ́ràn, tí kò sí ògbufọ̀, tí olùkọ́ kọjú sí pátákó ní gbogbo ìgbà tí ó ń sọ̀rọ̀, wà nínú kíláàsì, kò sì sí níbẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí a pa ilé-ẹ̀kọ́ adití rẹ́ kí gbogbo ọmọ jọ wà pọ̀. Àwọn mìíràn ní kí a fi í sílẹ̀. Àwọn àgbà tún ti ń jiyàn nìyẹn.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ àkàndá ẹ̀dá ti wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977. Mo ti ka ìpolówó iṣẹ́ olùkọ́ tí kò lóǹkà nígbà tí mo wà ní ilé ìwé ìròyìn: wọ́n a béèrè ìwé ẹ̀rí, ìrírí ọdún mélòó, ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ti wá. Ẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ adití tí ó bá sún mọ́ yín, ẹ mú ẹni tí ó gbédè dání, kí ẹ bi àwọn ọmọ kíláàsì tí ó kẹ́yìn pé olùkọ́ wo ni ọwọ́ rẹ̀ já geere, èwo ni wọ́n sì kàn ń wò tí kò yé wọn. Wọn yóò ti nàka sí i kí ẹ tó béèrè tán. N kò tíì rí ìpolówó kan tí ó ní kí ẹni tí ń wá iṣẹ́ kọ́kọ́ lọ dúró síwájú wọn.